Ọ̀dà Àkọ́kùn

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba kọ lẹ́tà sí mi. Ó fi àwòrán ọkọ̀ kan àti ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí kan sínú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó bi mí kò gùn rárá: ‘Bàbá Kékeré, àwọ̀ wo ni kí n kun ọkọ̀ Dádì?’ Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ọ̀dà ọkọ̀? Ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ tèmi ti yàtọ̀ sí èkejì láti ọjọ́ tí ọlọ́kadà kan ti ha á ní ọ̀nà ọjà, n kò sì tíì rí àyè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún lẹ́tà náà kà, mo rí i pé ìbéèrè tí àwa lámèyítọ́ ń bi ara wa lójoojúmọ́ ni ọmọ náà gbé ka iwájú mi, aṣọ mìíràn ni ó kàn wọ̀ fún un: bí iṣẹ́ ọnà bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, ta ni ó tún ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án?

Ọkọ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní MGB. Ìlú Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford, ni ilé-iṣẹ́ MG ti ń ṣe é láti 1962 títí di 1980 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Èyí tí wọ́n ṣe ju 500,000 lọ. Syd Enever ni olórí àwọn ẹnjiníà tí ó gbé e kalẹ̀, Don Hayter sì ni ó ya àwòrán ara rẹ̀. Ọkọ̀ eré ni, ìjókòó méjì péré, òrùlé tí a lè ká kúrò nígbà tí oòrùn bá mú. N kò fẹ́ kí òǹkàwé mi rò pé ọkọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Kì í ṣe Ferrari, kì í ṣe Jaguar. Ọkọ̀ tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé ọ́fíìsì lè fi owó oṣù rà díẹ̀díẹ̀ ni, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó jẹ́ àkọ́bí ìyá wa bí èmi ti jẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀, ra tirẹ̀ ní àlòkù ní 1978, nígbà tí ọkọ̀ náà ti pé ọmọ ọdún 5. Ó wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó fi di olóògbé, abẹ́ tápólì ni ọkọ̀ náà wà nínú gáréèjì, eku sì ti fi ìjókòó rẹ̀ ṣe ilé.

Ọ̀dọ̀ British Motor Industry Heritage Trust ní Gaydon ni ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ ti wá. Ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ìlú Ọba sí. Bí ènìyàn bá fún wọn ní nọ́ńbà tí ó wà lára ọkọ̀, wọn yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti àwọ̀ tí wọ́n kùn ún fún un. Harvest Gold ni ó wà nínú ìwé náà, wúrà ìgbà ìkórè. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, bí ewé ọsàn tí ó gbó ni ọkọ̀ náà rí. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kùn ún bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1981. Ìpẹtà ti wá jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì àti etí ibi tí táyà ń gbé. Wọn yóò gé irin tí ó ti bàjẹ́ kúrò, wọn yóò jó tuntun mọ́ ọn, nítorí náà ọ̀dà tí ó wà lára rẹ̀ kò lè dúró. Ọ̀rọ̀ ti kọjá bóyá kí a kùn ún tàbí kí a má kùn ún.

Ìmọ̀ràn ti pọ̀ nílẹ̀ kí ó tó kọ̀wé sí mi. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ MG tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ sọ pé kí ó dá wúrà padà, pé ohun tí ìwé-ẹ̀rí bá wí ni abẹ gé. Ẹni tí yóò kun ọkọ̀ náà sọ pé pupa ni kí ó jẹ́, nítorí pé pupa ni ó ń tà. Òun fúnra rẹ̀ ń rò ó pé kí ó tún àwọ̀ ewé náà kùn, nítorí pé òun ni àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó mọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà láti kékeré.

Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè wa yóò wí sí ẹjọ́ yìí. Àwọn onímọ̀ ti sọ ọ́ títí pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: funfun, pupa, dúdú. Ohun tí ojú mọ̀ ni a fi ń júwe àwọn ìyókù, bí àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ aró. Àwọn àjèjì kan ti fi èyí ṣe ẹlẹ́yà rí, bí ẹni pé ojú Yorùbá kò rí ìyàtọ̀ láàrin ewé àti èédú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti àwọn aláró ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo mọ̀ pé irọ́ gbáà ni. Ohun tí èdè wa ń wò ni ìṣe àwọ̀. Funfun ni ohun tí ó tutù tí ó sì mọ́. Pupa ni ohun tí ó gbóná, tí ó ń pe ojú wá. Dúdú ni ohun tí ó jinlẹ̀, tí ó ń pa ara rẹ̀ mọ́. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí síwájú àgbà ìlú kan tí kò kàwé, pupa ni yóò pe wúrà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ń jà fún, pupa náà ni yóò pe èyí tí akunkọ̀ ń fẹ́. Ọ̀kan pupa rúsúrúsú, èkejì pupa fòò. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kùn ún, dúdú ni yóò pè é. Eré ni mo kọ́kọ́ fi èyí ṣe nínú ọkàn mi. N óò padà sí i.

Ti pupa kò ní pẹ́ lẹ́nu. Gbogbo ayé ni ó gbà pé pupa ni àwọ̀ ọkọ̀ eré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀. Láti ìgbà ìdíje Gordon Bennett, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1900, tí orílẹ̀-èdè ń bá orílẹ̀-èdè sáré, ni àṣà àwọ̀ orílẹ̀-èdè ti wọ eré-ìje mọ́tò, kí àwọn òǹwòran lè dá ọkọ̀ mọ̀ lókèèrè. Faransé mú àwọ̀ aró. Jámánì mú funfun kí ó tó wá di fàdákà. Ítálì ni pupa bọ́ sí lọ́wọ́. Ìlú Ọba mú àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ ìdíje 1903 tí wọ́n gbé lọ sí Ireland nítorí pé òfin kò gba irú eré bẹ́ẹ̀ láàyè ní ojú ọ̀nà Ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Aṣọ ẹbí ni àwọn àwọ̀ wọ̀nyí, a sì mọ̀ pé aṣọ ẹbí kì í ṣe awọ ara. Ferrari tí ayé fi pupa mọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ ní ìparí 1964. Enzo Ferrari bínú sí àwọn aláṣẹ eré-ìje mọ́tò ní Ítálì, ó sì kun àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní funfun àti àwọ̀ aró lọ sí Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Inú àwọ̀ àjèjì yẹn ni John Surtees wà tí ó fi gba ipò ọ̀gá àwọn awakọ̀ àgbáyé. Nígbà tí ó sì di 1968, Lotus bọ́ àwọ̀ ewé Ìlú Ọba, ó gbé àwọ̀ páálí sìgá Gold Leaf wọ̀, nítorí pé àwọn onísìgá ni wọ́n ń sanwó. Bí àwọn tí ó ni aṣọ ẹbí bá lè bọ́ ọ nítorí ìbínú àti nítorí owó, kí ni ó yẹ kí ó de ẹlòmíràn mọ́ ọn? Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ MG fúnra rẹ̀ kun ọ̀pọ̀ MGB ní pupa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kun èyí ní pupa, ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì kùn ún bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ ni kí ó kùn ún ní àwọ̀ ọjà. Ọmọ náà kò fẹ́ tà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ fojú tín-ín-rín wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí lè wo bóòtù kan lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ̀rí ìgbà ni ọkọ̀ àtijọ́. Bí olúkúlùkù bá ń kun tirẹ̀ bí ó ti wù ú, yóò di ọjọ́ kan, kò ní sí ẹni tí yóò mọ bí títì Ìlú Ọba ti rí ní 1973. Harvest Gold gan-an jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ojú àwọn ènìyàn ń fẹ́ irú rẹ̀. Nínú àwọ̀ tí MG ń lò ní àwọn ọdún náà ni a ti rí Blaze tí ó dà bí ọsàn tí ó pọ́n, Aconite tí ó dà bí àlùkò, àti Limeflower tí ó dà bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ojú òde òní lè máa sá fún wọn, ṣùgbọ́n bí a bá kun gbogbo wọn ní pupa, ìtàn ni a parẹ́. Àwa tí a ti lo ìgbà èwe wa láti máa gbé rẹ́kọ́dà káàkiri ìgbèríko kí àwọn akéwì tó kú tán mọ bí ìrora yìí ti rí.

Ibi tí èmi àti wọn ti pínyà nìyí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí wọ́n bá kun ọkọ̀ náà ní Harvest Gold, ọ̀dà àkọ́kùn ni yóò padà. Kò lè padà. Èyí tí wọ́n fọ́n sí i lára ní Abingdon ti wà lábẹ́ ọ̀dà mìíràn fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún, sáńdípépà ni yóò sì há a dànù. Ọ̀dà tí wọ́n ń lò ní òde òní, èròjà rẹ̀ yàtọ̀, bí ó ti ń gbẹ yàtọ̀, bí ó ti ń dán náà yàtọ̀. Àfijọ ni yóò jẹ́. Ó lè jẹ́ àfijọ tí ó dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa pè é ní ojúlówó, kí a sì máa fi ojúlówó náà halẹ̀ mọ́ ọmọ olóògbé. Òtítọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìwé-ẹ̀rí Gaydon sọ nípa ọkọ̀ náà, bí ìwé ìbí ti ń sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyá. Kò mọ ohun tí ojú ọmọ rí lẹ́yìn náà.

Ní 1951, Museum of Modern Art ní New York pàtẹ ọkọ̀ 8 bí ìgbà tí ènìyàn bá pàtẹ ère, MG kan tí wọ́n ṣe ní 1948 sì wà nínú wọn. Láti ìgbà náà, ó yẹ kí iyèméjì ti tán pé a lè fi ojú iṣẹ́ ọnà wo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ ọnà ti ta ni? Nínú mùsíọ́mù, iṣẹ́ ọnà ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mọ́. Ẹ wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tàbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa lónìí. Bí ọdún bá ń súnmọ́ etílé, wọn a gbé àwọn ère orí náà jáde, wọn a sì tún wọn kùn. Ní àtijọ́, ẹfun, osùn àti wájì ni. Nígbà tí ọ̀dà inú agolo dé sí ọjà, wọ́n rà á, wọ́n sì lò ó láìbẹ̀rù. Ère tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kan lónìí lè wọ òmíràn lọ́dún mìíràn. Kò sí àgbà kan tí yóò sọ pé èyí ti sọ ọ́ di ayédèrú. Ọ̀dà tí ó bó lára ère ni ó ń tì wọ́n lójú. Bákan náà ni ti ògiri ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn obìnrin ń kùn kí ọdún òrìṣà tó pé. Òjò a fọ̀ ọ́, wọn a tún un kùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ère náà wọ mùsíọ́mù ní Yúróòpù ni kíkùn parí. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn òyìnbó wá ń pe ọ̀dà tí ó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ojú.

Ògún pàápàá tí ó ni irin, tí ó sì ni ọkọ̀, kò ní ọ̀dà kan tí kò ṣeé pa dà. Màrìwò ni a fi mọ̀ ọ́n nílé. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹrú kọjá òkun, ó di aláwọ̀ ewé àti dúdú ní Kúbà, ó sì di aláwọ̀ aró tí ó kún ní Bahia. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ Ògún Kúbà.

Ìwọ̀nyí ni mo kó jọ tí mo fi dá ọmọ náà lóhùn, ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Mo ní kí ó tún àwọ̀ ewé náà kùn. Mo ní ilé-iṣẹ́ ni ó bí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Pé ìgbà tí ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú kun ọkọ̀ Ìlú Ọba ní àwọ̀ tí ó wù ú ni ọkọ̀ náà tó di ti ẹbí wa. Lẹ́tà náà dùn mọ́ èmi fúnra mi. Mo tilẹ̀ kà á fún ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa, ó sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìgbéyàwó nílé ní 1979, ọmọ ọdún 11 ni mí, ìwé kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ mi, ni ó fi sọ mí ní Akọ̀wé. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

‘Akọ̀wé,’ ni ó wí, ‘ẹ̀yin ni ẹ ní kí ọmọ yìí kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ewé?’

Mo ní èmi ni.

‘Ta ni ó sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn àwọ̀ yẹn?’

Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Mo ti bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè rí, ní 1996 tí mo lọ kí wọn. Ohun tí ó fi dá mi lóhùn kò ju pé ọ̀dà tí ó wà nílẹ̀ ni ó lò. Èmi ni mo fi ìyókù kún un.

Ó wá sọ fún mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe nígbà náà, ìlú tí wọ́n ń gbé kò sì ní àwọn ènìyàn wa púpọ̀. Òru ni ó máa ń darí wálé. Ọkọ̀ eré tí ó dà bí wúrà, ọkùnrin adúláwọ̀ nínú rẹ̀, ní aago méjì òru: láti òpin títì ni wọ́n ti ń rí i. Nínú oṣù kan ṣoṣo ní 1981, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, tí wọ́n ní kí ó bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n tú bọ́ọ̀tù, tí wọ́n béèrè ẹni tí ó ni ọkọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó ra ọ̀dà, tí ó gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi ìkẹ́rùsí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí ó sì fi Sátidé méjì kùn ún. Nígbà tí ó gbé e dé ilé, ó ní: ‘Alẹ́ dúdú, èmi náà dúdú, kí ọkọ̀ náà kúkú dúdú, kí á jọ máa lọ.’ Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. ‘Ṣùgbọ́n, Akọ̀wé, ní gbogbo Sátidé ni ó máa ń fọ ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ rí, tí yóò fi aṣọ nù ún títí yóò fi máa rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òjò ni ó ń fọ̀ ọ́.’

Òǹkàwé tí ó bá mọ ìtàn Ìlú Ọba mọ irú ọdún tí 1981 jẹ́. Ní oṣù kẹrin ni Brixton gbiná, tí àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ àti àwọn ọlọ́pàá kọlu ara wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, tí Lord Scarman fi ṣe ìwádìí tí ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá. Ọdún náà ni wọ́n tó fagi lé ìlànà inú òfin 1824 tí ó gba ọlọ́pàá láyè láti mú ẹni tí wọ́n bá kàn fura sí ní ojú pópó. Ti awakọ̀ tilẹ̀ yàtọ̀: òfin ìrìnnà gba ọlọ́pàá láyè láti dá ọkọ̀ yòówù dúró láìsọ ìdí, ó sì gbà á láyè títí di òní.

Ìtìjú bá mi. Kì í ṣe nítorí pé n kò mọ̀, nítorí kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Ohun tí ó tì mí lójú ni pé mo wo àwòrán, mo rí ọ̀dà, mo sì sáré túmọ̀ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá ṣe báyìí sí ẹsẹ oríkì kan, n óò fi gègé pupa sí i. Ìyàwó ilé kan tí kò ka lámèyítọ́ kankan ni ó wá fi yé mi pé ohun tí mo pè ní orúkọ, ìfarapamọ́ ni.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé ohun tí mo sọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò dúró? Ó dúró. N kò lò ó dé ibi tí ó yẹ ni. Mo dúró lórí pé wọ́n ń tún ère kùn, n kò béèrè ìdí. Wọ́n ń pa á lówe pé ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ìran ni ó fa kíkùn. Ọ̀dà tuntun ń gbé ère náà padà sí ojú àwọn ènìyàn, nítorí pé ère tí a kò bá rí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ẹ̀gbọ́n mi ṣe òdì kejì rẹ̀ gan-an: ó kun ohun ìran kí ojú má baà rí i. Èdè wa sì ti sọ èyí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo fi ń ṣeré. Láti inú pupa sínú dúdú ni ó gbé ọkọ̀ náà lọ, láti inú àwọ̀ tí ń pe ojú sínú àwọ̀ tí ń pa ara rẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà nínú àwàdà rẹ̀.

Mo tún gbé àwòrán náà wò, mo sì fi àwòrán MGB mìíràn tí ó ní àwọ̀ wúrà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà kan wà lára ọkọ̀ yìí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn iná iwájú, tí ó gba orí táyà kọjá, tí ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn, kí ó tó tún gbéra sókè lọ sí ìdí. Òpó irin dídán tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹwà iṣẹ́ Hayter, ibẹ̀ ni ó wà. Nínú àwọ̀ wúrà, ìmọ́lẹ̀ ń rìn lórí ìlà náà bí omi lórí ewé kókò, kódà lábẹ́ òfuurufú Ìlú Ọba tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú dúdú ti ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ní dídán púpọ̀ nítorí ọwọ́ tí kì í ṣe ọwọ́ akunkọ̀ ni ó kùn ún, òpó irin nìkan ni ojú ń rí; ara ọkọ̀ ti wọ inú ara rẹ̀ lọ. N kò sọ pé MGB aláwọ̀ ewé kò lẹ́wà. Mo ti rí àwọn kan tí ó wù mí. Èyí ni mo ń sọ.

Nítorí náà, mo yí ìdájọ́ mi padà, mo sì kọ lẹ́tà kejì. Mo ní kí ó kùn ún ní wúrà. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yóò rò pé tiwọn ni mo gbè lẹ́yìn, kò sì burú bí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí Gaydon kọ́ ni mo tẹ̀ lé. Wúrà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi rí ní 1978 tí ó fi kó owó tí ó ń tọ́jú sílẹ̀. Òun ni ó ń fọ̀ ní Sátidé. Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún un.

Ọmọ náà kò kọ́kọ́ gbà. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ní 1983 ni wọ́n bí òun. Òun kò mọ wúrà kankan. Inú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni bàbá òun máa ń gbé òun lọ sí ilé-ìwé, tí òun yóò máa fi ìka tọ ibi tí ọ̀dà ti ṣàn lára ilẹ̀kùn. Bí òun bá ha ìyẹn dànù nítorí ohun tí ọlọ́pàá ṣe kí wọ́n tó bí òun, ṣé kì í ṣe pé wọ́n tún gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kejì? Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. N kò ní èsì tí ó lè borí rẹ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí èsì kankan borí rẹ̀.

Iṣẹ́ akunkọ̀ ni ó yọ wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àwọ̀ ọkọ̀ dà pátápátá gbọ́dọ̀ yọ ẹ́ńjìnnì, kí ó kun ihò rẹ̀, kí ó kun etí ilẹ̀kùn, inú bọ́ọ̀tù, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀yìn pátákó tí àwọn aago ọkọ̀ wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ àtijọ́ yóò máa yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó fi Sátidé méjì kun tirẹ̀ kò ṣe gbogbo ìyẹn. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀yìn pátákó náà, wúrà 1973 ni wọ́n bá níbẹ̀, tí oòrùn kò fojú kàn rí, tí ó mọ́lẹ̀ ju ti ara òde lọ fíìfíì. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi po ọ̀dà tuntun, wọn kò lo nọ́ńbà inú ìwé. Ìyàwó wa lọ wò ó, ó ní òun náà ni.

Ọmọ náà wá bẹ akunkọ̀ pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan inú ìdérí bọ́ọ̀tù. Akunkọ̀ ní àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò níbi ìdíje ẹgbẹ́ yóò yọ máàkì rẹ̀ kúrò. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Bí mo ti ń kọ èyí, ọ̀dà ìsàlẹ̀ aláwọ̀ eérú ni ó wà lára ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, wọ́n ń retí kí ó gbẹ kí wọ́n tó fọ́n wúrà lé e. Bí wọ́n bá ṣí bọ́ọ̀tù, àwọ̀ ewé ni ó ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi mẹ́ta tí ó ti ṣàn kí ó tó gbẹ.